Ẹ̀gbọ́n Yàrá Wa

Kí n tó sọ nǹkan kan, ẹ jẹ́ kó yé yín pé bẹ́ẹ̀rẹ̀ ni mí. Èmi ni àkọ́bí ilé wa. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta ló tẹ̀ lé mi, àti ọmọbìnrin kan tó mọ ẹjọ́ rò ju lọ́yà lọ. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, bí ife bá fọ́ nílé wa, èmi ni wọ́n máa pè. Bí ẹnì kan bá sùn láìwẹ̀, èmi náà ni. Mi ò fi ṣe ìbínú. Oyè ni, kò sì sí oyè tí kò lẹ́rù. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún àwa ọmọ, èmi ni mo máa kọ́kọ́ bu tèmi, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ kùn.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tí mo dé àgọ́, kí n tó bọ́ kóòtù lọ́rùn, ọjọ́ orí ni mo kọ́kọ́ bi àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n kó wa sí yàrá kan náà. Ètò pàṣípààrọ̀ ọmọ ilé-ìwé ló kó gbogbo wa jọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè. Nínú àgọ́ yẹn ni wọ́n ti máa kọ́ wa bí a ṣe máa gbé pẹ̀lú àwọn ẹbí tó fẹ́ gbà wá sílé fún ọdún kan, kí wọ́n tó wá mú wa lọ. Àwa mẹ́rin la wà ní yàrá wa: bẹ́ẹ̀dì irin alájà méjì méjì, ilẹ̀ pákó tó ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀, fèrèsé ńlá kan tó kọjú sí adágún omi. Yàrá kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ aṣọ ìnura tirẹ̀. Tiwa jẹ́ àwọ̀ ìyeyè.

"Ọmọ ọdún mélòó ni yín?" mo bi wọ́n ní èdè ibẹ̀, tí mo ti fi ọjọ́ pípẹ́ kọ́ nílé-ìwé.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó jọ pé irú eré ìdárayá téèyàn fẹ́ràn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè níbi tí wọ́n ti wá. Ìyẹn ò kàn mí. Tí mi ò bá mọ ọjọ́ orí ẹ, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá kí n rán ẹ níṣẹ́ ni, tàbí kí n bẹ̀ ẹ́?

Èyí tí irun rẹ̀ pupa bí iná sọ pé òun jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nínú ọkàn mi, mo ti sọ ọ́ ní Onírun-iná. Èyí tó kéré jù, tí ojú rẹ̀ ti pọ́n kí a tó wọlé, ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Mo pe ìyẹn ní Kékeré. Ẹnì kẹta jókòó lé àpótí rẹ̀, ó ń tú okùn bàtà. Gbogbo nǹkan tirẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni: ó ń rọra rìn, ó ń rọra sọ̀rọ̀, kódà ó ń rọra bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Mo pè é ní Pẹ̀lẹ́. Kó tó la ẹnu, mo ti fi ojú wọ̀n ọ́n. Ó tín-ín-rín, kò ga tó èjìká mi. Mo fi í sípò kẹta, mo sì ń bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

"Èmi ti pé mẹ́rìndínlógún láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún," mo wí, "torí náà, èmi ni ẹ̀gbọ́n yín."

Kò sí ọ̀rọ̀ tó dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n nínú èdè wọn, mo bá sọ tiwa fún wọn bó ṣe wà. Pẹ̀lẹ́ wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ká ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ sínú bàtà.

"Ṣé ìwọ ni ọ̀gá wa nìyẹn?" Onírun-iná bi mí.

"Ta ló sọ̀rọ̀ ọ̀gá? Ọ̀gá lè lé èèyàn lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n ò lè lé àbúrò. Tí nǹkan bá bàjẹ́ ní yàrá yìí, èmi ni wọ́n máa bi, wọn ò ní bi ẹ̀yin."

"Àwa wá ńkọ́? Kí la máa ṣe?"

"Ẹ óò máa jẹ́ iṣẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di irin bẹ́ẹ̀dì mú.

Ẹ̀rín ni o, ṣùgbọ́n ìjọba mi múlẹ̀. Kékeré ló ń pọn omi mímu wa. Onírun-iná ló ń gbálẹ̀, àfi ọjọ́ kan tó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀ pé kí n gbá a fúnra mi. Mo gbá a. Mo gbá gbogbo yàrá, mo wá gbá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, mo kó gbogbo ohun tí mo bá níbẹ̀ jọ sí àárín ilé fún gbogbo ayé láti wò. Láti ọjọ́ kejì ló ti ń dìde gbálẹ̀ kí n tó jí. Pẹ̀lẹ́ ni mo ń rán jù, torí kò mọ àríyànjiyàn. Òun ló ń gbé korobá lọ síbi ẹ̀rọ omi nígbàkígbà tó bá kàn wá láti nu ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màá ní, "Pẹ̀lẹ́, bu omi wá, kó kún o." Á dìde, á rọra lọ, á rọra bọ̀, korobá á sì kún bí mo ṣe wí.

Èmi ni mo kọ́kọ́ yan bẹ́ẹ̀dì, mo mú èyí tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Mi ò ní purọ́, oyè dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tú bísíkíìtì tí màmá mi dì sínú àpò mi, gbogbo èyí tó pé ni mo pín fún wọn, mo sì kó èyí tó ti rún fún ara mi. Mo ṣàlàyé fún wọn pé àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Onírun-iná ní igbá wo. Mo ní kó máa jẹun.

Nígbà tó yá, ìròyìn wa kan gbogbo àgọ́. Tí àwọn yàrá yòókù bá ń jà lórí ẹni tó máa kọ́kọ́ wẹ̀, Onírun-iná á gbé àyà síwájú: "Àwa ò kì í jà. Àwa ní ẹ̀gbọ́n." Ó ń pè é bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń bá jà, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń gbọ́ ọ báyìí, inú mi á dùn dé ẹ̀yìn ọrùn.

Olórí àgọ́ jẹ́ obìnrin kan tí èjìká rẹ̀ fẹ̀. Olùkọ́ ìwẹ̀ odò ni, fèrè kan sì wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà gbogbo, kódà bó bá ń jẹun. Onífèrè là ń pè é lẹ́yìn rẹ̀. Òfin rẹ̀ pọ̀, àmọ́ ẹyọ kan ṣoṣo ló sọ láìrẹ́rìn-ín. Ó kó wa lọ sí etí adágún, níbi tí wọ́n so àwọn ọkọ̀ ojú omi kéékèèké mọ́ afárá pákó, ó ní, "Ẹnikẹ́ni tó bá dá wá síbí láìsí èmi tàbí àwọn olùrànlọ́wọ́ mi, ilé ló ń lọ. Ọkọ̀ òfurufú tó bá kọ́kọ́ gbéra ló máa wọ̀. Omi yìí jìn, ó sì tutù débi tó lè gba ẹ̀mí lọ́wọ́ èèyàn kó tó ké. Kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀."

Kékeré ni àárò ilé ń dà láàmú. Ó ń sunkún nílé ìwẹ̀, ó ń ṣí omi sílẹ̀ kí a má baà gbọ́. Mo gbọ́. Mo ní kó wá máa sùn sórí bẹ́ẹ̀dì tó wà lókè tèmi, mo sì máa ń sọ ìtàn àbúrò mi obìnrin, lọ́yà ilé wa, fún un títí oorun á fi gbé e lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni, fèrè bẹ̀rẹ̀ sí í dún láìdáwọ́ dúró. Gbogbo wa sáré lọ sí etí adágún. Ọkọ̀ kan ti já lọ sí àárín omi, ó ń dá yí kiri láìsí ẹnì kankan nínú rẹ̀. Aṣọ ìnura kan fì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọ̀ ìyeyè.

Gbogbo ojú yí sí wa. Èmi ò wo ọkọ̀ mọ́, ṣòkòtò Kékeré ni mo ń wò. Etí ṣòkòtò náà rin fún omi. Ọ̀rọ̀ ò lẹ́jọ́.

"Ẹ̀yin oníyeyè," Onífèrè wí, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ta ni?"

Kí n tó sọ ohun tí mo ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ fèrèsé aládùúgbò wa. Àbúrò mi ọkùnrin tó tẹ̀ lé mi ló gbá bọ́ọ̀lù, tó fi fọ́ gíláàsì ìyá kan tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Bàbá mi jáde láti ibi tó ti ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, kò tilẹ̀ wo ọmọ náà lójú. Èmi ló wò. Mo ní, "Ọ̀rọ̀ náà wà lọ́rùn mi, bàbá." Èmi ni mo lọ bẹ ìyá náà, èmi ni mo di àkàsọ̀ mú lóòrùn títí bàbá mi fi fi gíláàsì tuntun sí i. Nígbà tí a délé ni bàbá mi tó kọjú sí àbúrò mi: "Ṣé o rí ẹ̀gbọ́n ẹ lóòrùn?" Ọmọ náà sunkún ju ẹni tí wọ́n nà lọ. Láti ọjọ́ yẹn, kò gbá bọ́ọ̀lù sí ìhà ibẹ̀ mọ́. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn, mi ò sì tíì rí ẹni tó tọ́mọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Torí náà mo bọ́ síwájú. "Èmi ni kí ẹ bi, mà. Ọ̀rọ̀ náà wà lọ́rùn mi."

"Ìwọ?"

"Èmi ni ẹ̀gbọ́n wọn. Èmi ni kí ẹ bá wí."

Ó wò mí títí. Ó jọ pé ó dùn ún. "Lọ dúró dè mí ní ọ́fíìsì."

Bí mo ṣe ń lọ, ẹ̀bẹ̀ ni mo ń tò lẹ́nu. Nílé wa, ìdajì ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n á gba ọ̀rọ̀ sọ́rùn, wọn á bá a wí dáadáa, á bẹ̀bẹ̀, á wá lọ bá ẹni tó jẹ̀bi nínú yàrá. Àmọ́ Onífèrè ò bá mi wí rárá. Ó jókòó, ó gbé fóònù, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó gbé e kalẹ̀.

"Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mọ́tò máa wá gbé ẹ lọ sí pápá ọkọ̀ òfurufú," ó wí. "Màá pe àwọn òbí ẹ fúnra mi."

"Mọ́tò tó ń gbé ta, mà?"

"Ìwọ. Ṣé ìwọ lo sọ pé ìwọ ni?"

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń dúró fún ẹnì kan. Tí o bá ní ọ̀rọ̀ wà lọ́rùn ẹ, ọwọ́ ẹ ló ṣe é nìyẹn. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ohun tó kù tí mo lè sọ ò ju pé: èmi kọ́ ni mo lọ. Àmọ́ tí mo bá sọ ọ́, á bi mí pé ta wá ni. Ṣé ìka mi yìí ni màá nà sí ọmọ tí mo fi sórí bẹ́ẹ̀dì òkè mi?

"Ó dáa, mà," mo wí.

Mo padà sí yàrá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù. Mo rántí pápá ọkọ̀ òfurufú, bí àwọn ará ilé wa ṣe kún inú mọ́tò oníbàárà bàbá mi wá sìn mí. Màmá mi, tí wọ́n ń fọ aṣọ nílé ìwòsàn, wọ aṣọ tí wọn kì í wọ̀ àfi níbi ìgbéyàwó. Bàbá mi fi ọwọ́ tí òróró ẹ́ńjìnnì kì í tán lábẹ́ èékánná rẹ̀ di èjìká mi mú, ó ní, "Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Má tú u sílẹ̀ lọ́nà o." Kí ni màá wá sọ tí mo bá yọ sí wọn láìpé oṣù? Màmá mi á ké. Àwọn ará àdúgbò á ní mo ti ṣe nǹkan. Ṣùgbọ́n bàbá mi máa bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀, màá sì sọ ọ́, ó sì máa yé e. Mo mọ̀ pé ó máa yé e. Ìyẹn nìkan ló jẹ́ kí ọrùn mi dúró. Mo sunkún o, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Àmọ́ orí mi wà lókè bí mo ṣe ń sun ún.

Kékeré wọlé wá, ó rọ̀ mọ́ mi. "Jẹ́ kí n lọ sọ fún un pé èmi ni. Mi ò wọ inú ọkọ̀ náà. Mo kàn jókòó sórí afárá, mo ki ẹsẹ̀ bọmi torí ó jọ etí omi ilé wa. Ọwọ́ mi ń fi okùn ṣeré, ó tú. Mo ju aṣọ ìnura pé kí n fi fà á, ó lọ."

"Ṣé o tún máa dé ibẹ̀?"

"Láé."

"Ó ti tán. Nu imú ẹ."

Onírun-iná dúró lẹ́nu ọ̀nà. Pẹ̀lẹ́ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ń so okùn bàtà, ó so èyí, ó so tọ̀hún. Ó dìde, ó mú korobá, ó jáde. Àwa ló kàn láti nu ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo wí lọ́kàn mi pé ẹ wo ọmọ gidi, mi ò tilẹ̀ rán an.

Nígbà tí mo wọ́ àpótí mi dé iwájú ọ́fíìsì, ibẹ̀ ni mo bá a. Ó dúró níwájú tábìlì Onífèrè, korobá lọ́wọ́, ó ń rọra sọ̀rọ̀.

"Òun kọ́ ni ẹ̀gbọ́n," ó wí. "Èmi ni."

"Kí ni?" Onífèrè bi í.

"Oṣù tó ń bọ̀ ni mo máa pé mẹ́tàdínlógún. Mo dàgbà jù ú lọ. Lọ́jọ́ tó béèrè, kò dúró gbọ́ tèmi. Mo fi í sílẹ̀ torí ó fẹ́ràn rẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Àbígbẹ̀yìn lèmi nílé wa. Mi ò ní ẹnì kankan lẹ́yìn rí, mo fẹ́ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é." Ó gbé korobá sí ọwọ́ kejì. "Àmọ́ òfin yàrá wa ni pé, tí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ̀gbọ́n ni wọ́n máa bi. Torí náà ọ̀rọ̀ náà wà lọ́rùn mi. Èmi ni kí ẹ fi sínú mọ́tò."

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn!

"Tó bá jẹ́ ti ọrùn ni," Onírun-iná ké lẹ́yìn mi, "èmi náà ní ọrùn!" Kí ó tó parí, Kékeré ti já wọlé, omijé àti ikun imú. "Èmi ni! Èmi ni mo lọ!"

Onífèrè wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kọ́kọ́ bi Kékeré bóyá ó wọ inú ọkọ̀. Nígbà tó gbọ́ pé ẹsẹ̀ nìkan ló kan omi, ó mí kanlẹ̀. Ó wá kọjú sí mi.

"O mọ̀ pé mo fẹ́ dá ẹ padà, o sì dákẹ́. Kí ló dé?"

Inú ti ń bí mi tẹ́lẹ̀, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń pa ìbínú mọ́. "Tí ọmọ kan bá rì sínú omi yẹn, mà, ta ni wọ́n máa bi?"

Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí fèrè ọrùn rẹ̀. "Èmi ni."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa tì í."

"Èmi náà ni wọ́n máa bi."

"Ohun tó dé nìyẹn, mà."

Ó yí sí fèrèsé, ó wo adágún níbi tí ọkọ̀ ṣì ń dá yí kiri. Nígbà tó yíjú padà, ó gbé fóònù, ó ní kí mọ́tò má wá mọ́. Ó ní kí Kékeré jókòó, kó pe ìyá rẹ̀ níwájú òun, lóòótọ́ àti lódodo, kó sọ ohun tó ṣe àti ohun tó ń dà á láàmú. Ó ní àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la máa fọ gbogbo ọkọ̀ ojú omi, lójoojúmọ́, títí àgọ́ á fi parí, kò sì sí èyí tó gbọ́dọ̀ rojọ́. "Mẹ́rin," ó tún wí, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu.

Mi ò gbọ́ ìdajì rẹ̀. Pẹ̀lẹ́ ni mo ń wò, àti korobá ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo omi tí mo ti rán an! Mo ti ń pàṣẹ kó kún, kó kún, fún ẹni tó jù mí lọ! Mo kúnlẹ̀ sórí pákó ọ̀dẹ̀dẹ̀, eékún méjèèjì. Wọ́n rò pé mo dákú. Onífèrè ti ń gbé fèrè sẹ́nu.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi," mo wí. Yorùbá ni mo fi sọ ọ́, torí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ irú ẹ̀ ní èdè mìíràn. Mo na ọwọ́ sí korobá.

Pẹ̀lẹ́ kọ́kọ́ dì í mú. Ó wo ojú mi, ó wo ọwọ́ mi, ó wá yé e. Ó nà án sí mi, ó sì gbé ohùn mi wọ̀ bó ṣe rí gan-an, tí Onírun-iná fi bú sẹ́rìn-ín.

"Àbúrò, bu omi wá," ó wí. "Kó kún o."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò ní ẹ̀gbọ́n rí. Mo gba korobá, mo sì sáré lọ síbi ẹ̀rọ omi.